Ọkọ̀ Tí Kò Jókòó Mọ́

Ní oko ẹ̀gẹ́ wa lẹ́yìn Ìgàngàn, ẹnikẹ́ni kì í ka apẹ̀rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ẹrù ọkọ̀ ti tó. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n máa ń wò. Bí wọ́n bá ti ń da ẹ̀gẹ́ sínú píkọ́ọ̀pù wa, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn tó fẹ́ jókòó. Tó bá ti wálẹ̀ dé ibì kan, olórí àwọn tó ń bá wa di ẹrù á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á di ẹ̀ṣẹ́, á ti ẹ̀ṣẹ́ náà bọ àárín táyà ẹ̀yìn àti irin tó bò ó lórí. Tí ẹ̀ṣẹ́ bá ṣì ń kọjá, kí wọ́n máa dà á sí i. Tí kò bá kọjá mọ́, á nà ró, á gbọn ọwọ́ nù, á ní, "Ó ti jókòó." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kò sí ẹni tó jẹ́ gbé ẹyọ ẹ̀gẹ́ kan sọ sí i mọ́, ọkọ mi tó ni ọkọ̀ pàápàá kò jẹ́ dán an wò.

Bàbá tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ wọn ọkọ̀ yìí, Bàbá Oko ni mo máa ń pè é. Ará Ìdèrè ni, agboolé kan náà ni òun àti ìyá ọkọ mi ti jáde. Ó ti ń bá ọkọ mi di ẹrù kí n tó bí àwọn ìbejì mi, àwọn ìbejì ọ̀hún sì ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Èrúwà báyìí, tí wọ́n ń fi ìpè fóònù dà mí láàmú. Ìyàwó wa ni òun náà máa ń pè mí. Tó bá wá sí ilé gàrí mi ní Ìgbó-Ọrà, á bu gàrí gbígbóná sí àtẹ́lẹwọ́, á jù ú sẹ́nu, á fajúro, á ní, "Ìyàwó wa, ta lo ń bínú sí tí gàrí rẹ fi kan báyìí?" Èmi náà á ní òun ni. A ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Tí wọ́n bá ti di ẹrù tán, orí ẹ̀gẹ́ ni Bàbá Oko máa ń gùn. Á fẹ̀yìn ti orí ọkọ̀, ìyẹn ni pé á kọjú sẹ́yìn, á fi ẹsẹ̀ ha okùn, á sì bá wọn dé Ìgbó-Ọrà kó lè bá wa já ẹrù kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá gun ọ̀kadà padà sí Ìdèrè. Tó bá fẹ́ kí ọkọ mi rọra, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí ọkọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa jókòó síwájú, ó kọ̀. Ó ní iwájú ń mú ooru. Ó ní láti òkè lòun ti ń rí oko olóko, tí òun fi ń mọ ẹni tí kò tíì roko. Mo ń sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn mi bí ohùn ẹni tó ń bínú, ẹ ò ṣì í gbọ́, inú ń bí mi.

Nígbà kan, ọkọ mi máa ń lọ oko lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà wa ti dà nítorí àwọn ajínigbé. Kò sí ẹni tó ń lo ọkọ̀ lágbègbè wa tó fẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá òun láàárín Ìgàngàn sí Ayétẹ̀ mọ́. Tí ọ̀sán bá ti ń yẹ̀, kálukú á máa wojú ọ̀run, á máa wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń lọ báyìí, ẹ̀gẹ́ tí a bá sì fẹ́ fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó gbọ́dọ̀ bá ẹ̀ẹ̀kan náà wá. Èyí tó bá kù sílẹ̀, bóyá màlúù á jẹ ẹ́, bóyá á rà. Ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ga nìyẹn. Nígbà yẹn ṣá, ọkọ̀ ṣì ń jókòó, ẹ̀ṣẹ́ Bàbá Oko ṣì ń sọ òótọ́.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà kí ènìyàn tó wọ Ìdèrè. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà yí kọ̀rọ̀, afárá kékeré kan wà níbẹ̀, ilẹ̀ pupa sì dúró bí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún, ó ń jù sósì, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ mi ní ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú tó ń fà á. Ọpẹ́lọpẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n délé, kò lè jẹun. Bàbá Oko ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti jó lórí ẹ̀gẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ méjèèjì ló fi di kọ́ọ̀pù omi mú. "Ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí á pa mí," bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi wí. "Mo gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí." Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àmín.

Ẹ gbọ́, ọkọ mi fẹ́ràn mọ́tò ju bó ṣe yẹ lọ. Ó máa ń bá a sọ̀rọ̀. Tó bá jí láàárọ̀, á fọwọ́ pa á lára, á bi í bóyá ó sùn dáadáa. Èmi tí mo bí ìbejì fún un, n kò rántí ìgbà tó bi mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Nítorí náà nígbà tó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ṣe sípíríǹgì lọ́nà Èrúwà, mo ní màá bá a lọ. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tí kò fẹ́ràn mọ́tò wà níbẹ̀.

Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì pe ọkọ mi pé kó wá wò. Sípíríǹgì, tí ẹ ò bá tíì rí i rí, irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n tò lé ara wọn, tí wọ́n sì fi bóòtù dè pọ̀. Òun ló ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀. Ewé ni wọ́n ń pe irin kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ṣùgbọ́n tiwa ti tẹ́jú, òmíràn tilẹ̀ ti sán. Ọkùnrin náà tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó yọ àwọn tó ti kú sọnù, ó mú ewé tó nípọn lára ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n ti tú ká, ó gé e, ó fi iná tọ́ ọ sí ìwọ̀n tiwa, ó sì tì í bọ àárín àwọn tó kù. Ó tún pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn irin gbọọrọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè sódò. Ọkọ mi lóṣòó síbẹ̀ bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí.

Nígbà tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi mì. Ọkùnrin náà ń fi àkísà nu ọwọ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Ohun tó ń gbé ẹrù ni mo tún ṣe. Ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró, n kò fọwọ́ kàn án. Bí bíréèkì yín ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní máa wálẹ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́, ẹ má torí ìyẹn máa dà á sí i. Iye tí ẹ ń kó tẹ́lẹ̀ náà ni kí ẹ máa kó. Ẹ sọ fún àwọn tó ń di ẹrù fún yín."

"Màá sọ fún wọn," ọkọ mi dáhùn. Ó ti ń rìn yí ọkọ̀ ká bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọkùnrin náà wá yíjú sí èmi lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́?" Mo ní mo gbọ́.

Bí a ṣe ń padà sílé, ọkọ̀ ṣófo, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fò lórí gbogbo kòtò. Orí mi gbá òrùlé ọkọ̀ níwájú ọjà, àwọn ènìyàn ń wò mí. Ọkọ mi ní kí n má fòyà, ó ní ẹrù ni yóò jẹ́ kó balẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi kó ẹ̀gẹ́, ó pè mí lórí fóònù láti Ìdèrè, ohùn rẹ̀ dùn bíi ti ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kẹ̀kẹ́. Ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, ọwọ́ kan lòun fi sọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ò mì, kò jù, kò fà. "Ó dúró ṣinṣin, Ìyá Ìbejì. Bí ẹni pé kò sí ẹrù nínú rẹ̀." Mo bá a yọ̀. Kí ni màá ṣe bí kò ṣe kí n bá a yọ̀?

Àwọn obìnrin tó ń bá mi bó ẹ̀gẹ́ ló kọ́kọ́ là mí lójú. Tẹ́lẹ̀, tí ọkọ̀ bá dé, wọn á bó o tán kó tó di ìrun Àlásárì, wọn á ṣan ọwọ́, wọn á máa lọ. Láti ọjọ́ tí a ti tún ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe, oòrùn á wọ̀ bá wọn níbẹ̀, òkìtì á ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó lẹ́nu bíi tèmi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé típà lẹ gbà ni, tí ẹ ò sọ fún wa?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi yíjú wo ọkọ̀ tó dúró létí ògiri. Ọkọ̀ kan náà ni. Pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan náà ni. Àpò tí mo fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ kò tó mi lò mọ́, mo ti ń yá ti aládùúgbò.

Inú ẹni tó ń yan gàrí yẹ kó dùn sí èyí, àbí? Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo gbọ́ òórùn kan lára ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbàgbé irin ìlọṣọ sórí aṣọ. Mo na ọwọ́ sí i, ooru tó jáde ń ta mí kí n tó fọwọ́ kàn án rárá. Mo pe ọkọ mi. Ó ní ọkọ̀ tó bá ti rìn jìnnà máa ń gbóná, ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ mọ́tò sílẹ̀ fún òun, kí òun náà fi ọ̀rọ̀ gàrí sílẹ̀ fún mi.

N kò fi sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́, mo jókòó tì í. Mo ní, "Ṣé ẹ ti sọ fún Bàbá Oko ohun tí oní-sípíríǹgì wí?"

Ó jẹ òkèlè kan tán, ó jẹ òmíràn. Ó ní, "Kí ni kí n sọ fún un?"

"Pé kó má fi ẹ̀ṣẹ́ wọn ọkọ̀ mọ́. Pé ọkọ̀ ò ní jókòó mọ́, bó ti wù kí wọ́n dà á sí i tó."

Ó gbé ojú sókè wò mí. "Ìyá Ìbejì, ẹni tó ti ń di ẹrù kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di sítíárìn mú? Ẹ̀gbọ́n ìyá mi? Èmi ni kí n lọ dúró níwájú rẹ̀, láàárín àwọn tó ń ṣe olórí lé lórí, kí n ní ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ìwọ̀n mọ́?"

"Ẹ pè é sẹ́yìn kẹ́ ẹ sọ ọ́."

"Ọkùnrin náà á rò pé mo fẹ́ lé òun ni. Á ní mo rí ẹni tó kéré sí òun. Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀ kí n jẹun."

Àpọ́nlé ló pè é. Mo mọ̀ pé àpọ́nlé wà níbẹ̀ lóòótọ́. Láàárín àwa tí a jọ ń gbé ilẹ̀ yìí, ẹnì kan kì í ṣàdédé lọ bá àgbà kó ní ohun tó fi ń ṣe olórí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kò wúlò mọ́. Ṣùgbọ́n àpọ́nlé nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Mo máa ń rí bí ojú ọkọ mi ṣe ń tàn tí wọ́n bá já ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ tí òkìtì ga ju ènìyàn lọ. Ó dùn mọ́ ọn pé Bàbá Oko kò mọ̀. Inú bí mi débi pé n kò bá a jókòó mọ́ títí ó fi jẹun tán.

Mo ní ó dáa, èmi fúnra mi á tẹ̀lé wọn lọ oko, kí ó sọ ọ́ lójú mi.

Ọjọ́ tí mo tẹ̀lé wọn, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó sì ṣì ṣú lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀. Ilẹ̀ rọ̀, ẹ̀gẹ́ ń fà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, amọ̀ lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbé ẹyọ kan wò. Ó wúwo lọ́wọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ, omi ti mu ún yó. Àwọn ọkùnrin ń dà á sínú ọkọ̀, wọ́n ń sáré nítorí òjò. Nígbà tó kún dé ẹnu pákó, mo rò pé ó ti parí. Bàbá Oko bẹ̀rẹ̀, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó tì í bọ ibẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kọjá, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́. Ó ní, "Kò tíì jókòó."

Wọ́n tún dà á sí i. Wọ́n to àwọn tó gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọgbà, wọ́n da àwọn kékeré sáàárín. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò tíì jókòó. Wọ́n tún dà á sí i. Mo lọ bá ọkọ mi níbi tó ti fara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo ní, "Ẹ sọ fún un báyìí." Kò wò mí. Ó ní, "Tí a bá délé."

Mo wá kígbe sí Bàbá Oko fúnra mi pé ó ti tó, kí ó ṣàánú wa. Ó nà ró, ó ń rẹ́rìn-ín, amọ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìyàwó wa, ojú lo fi ń wò ó. Ojú ń parọ́. Wá fọwọ́ wò ó." Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó wù wọ́n láti rí obìnrin tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní bíréèkì ń kọ́, ó ní bíréèkì tí ọmọ òun ń tẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá náà ni. Ọmọ òun ni ó pe ọkọ mi. Ọkọ mi gbọ́ ọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó fọn fèrè pé òjò ń bọ̀.

Wọ́n fa okùn lé ẹrù lórí. Mo ní kí Bàbá Oko wá síwájú, ààyè á gba àwa mẹ́ta. Ó ní kí n lọ́ sínú kí aṣọ mi má bàa tutù. Ó gun òkè, mo gbọ́ bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń ṣí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì gbọ́ bó ṣe fẹ̀yìn ti orí ọkọ̀ lẹ́yìn orí mi gan-an.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ títí a fi kọjá Ayétẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà rìn dáadáa, kò sí bí ó ṣe yẹ kí ọkọ̀ rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú kòtò, kò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi tí ọ̀nà bá ti yí, ó yí pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Nígbà àtijọ́, mímì yẹn ló máa ń sọ fún ọkọ mi pé ẹrù wúwo lẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó máa rọra. Nísinsìnyí kò sí ohun tó ń sọ nǹkan kan fún un. Ó ń wakọ̀ bí ẹni tí kò ru nǹkan kan, ó tilẹ̀ ń súfèé tẹ̀lé ìlù kan nínú orí rẹ̀. Mo ní, "Ẹ rọra." Ó ní, "Ṣé o rí i bó ṣe dúró?"

Nígbà tí a yọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ gbọ́ díẹ̀, òórùn aṣọ tó ń jó yẹn sì wọlé bá wa. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ dé ilẹ̀, tí kò sì sí ohun tó yí padà nínú ìrìn ọkọ̀. Ó tú u, ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u, ó tẹ̀ ẹ́. Ó fa jíà, ọkọ̀ ké, ó sì ń lọ. Bàbá Oko gbá orí ọkọ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan bó ṣe máa ń gbá a, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a láìdáwọ́ dúró, lókè orí mi. Ọkọ mi ń ka Bísímílááhì, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá.

Ó mọ̀ pé òun ò lè fi ìrìn yẹn yí kọ̀rọ̀ náà. Ó ya ọkọ̀ kúrò níbi afárá, ó darí rẹ̀ sínú gọ́tà, ó fi imú rẹ̀ lu ògiri ilẹ̀ pupa yẹn. Ọkọ̀ dúró. Kò dojú dé. Lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ ga síbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gẹ́ kò dúró. Gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn wa gba orí wa kọjá síwájú, ó bo gíláàsì, inú ọkọ̀ sì ṣókùnkùn. Ọwọ́ tó ń gbá orí ọkọ̀ ti dákẹ́.

Mo gba ojú fèrèsé jáde, mo ń pè é. Ọkọ mi jáde tẹ̀lé mi, iwájú orí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó ṣe é. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kó ẹ̀gẹ́ kúrò láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ògiri ilẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà dúró, wọ́n bá wa kó o, òjò ń pa gbogbo wa. N kò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn títí di ìgbà tí mo ń fi ọwọ́ ara mi kó o kúrò lórí ènìyàn. Nígbà tí a kàn án, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà fi etí sí i láyà. Ó pẹ́ kó tó gbé orí rẹ̀ sókè. Ó bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó fi bo Bàbá Oko lójú.

Ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé, èmi àti ọkọ mi ń rìn lẹ́yìn, amọ̀ bò wá láti òkè dé ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, tí kì í jà, tí mo ti ń kúnlẹ̀ kí láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ. Ó wo àwọn tó ń bọ̀, ó wo ohun tí wọ́n gbé, ó gbé àtẹ ẹ̀wà náà kúrò lórí itan rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ó ṣí ojú rẹ̀ wò, ó sì tún un bò. Kò ké. Ó yíjú sí ọkọ mi tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi òjò níta.

"Ta ló di ẹrù?" ó bi í.

Ọkọ mi ní, "Bàbá fúnra wọn ni, Ìyá. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní àyè ṣì wà."

Òótọ́ ni. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú tì mí bí ẹni pé wọ́n bọ́ mi síhòòhò láàárín ọjà.

Ìyá náà ní, "Bó ṣe ń wọ̀n ọ́n láti ọjọ́ yìí wá náà ló wọ̀n ọ́n. Ó sọ fún mi pé ẹ ti tún ọkọ̀ ṣe. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ọkọ̀ náà ti lágbára sí i." Ó wá bi ọkọ mi pé, "Ẹni tó bá yín tún un ṣe, ṣé kò sọ nǹkan kan fún yín?"

Ọkọ mi kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ó sọ ọ́, Ìyá. A sì sọ fún wọn. Wọn ò gbọ́ ni." Lẹ́yìn náà ló yí ọrùn wò mí láti ilẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kí n lè gbè é lẹ́yìn.

Ìyá náà tún yíjú sí èmi. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé wọ́n sọ fún un?"

Ọkọ mi ni. Bàbá àwọn ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n mo rí ẹsẹ̀ Bàbá Oko tó yọ lábẹ́ ẹ̀wù òjò ọlọ́kadà, amọ̀ oko Ìgàngàn ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tí wọ́n fẹ́ di ẹ̀bi náà rù nígbà tí kò lè fọhùn mọ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Rárá, Ìyá. Ẹnì kankan ò sọ fún un."

Ìyá náà mi orí. Ó ní kí n dìde nínú omi. Lẹ́yìn náà ló dìde fúnra rẹ̀, ó wọlé lọ wá omi tí wọn ó fi wẹ̀ ẹ́, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ sin ín kó tó di Mọ̀gàrìbá.